Ìjà láàárín àwọn ìjàpá omi tó ń gbé inú táǹkì kan: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tó ń sìn wọ́n ní Àbújá àti ní Òkè Ọya

Ṣé ìjàpá omi máa ń jà lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìjà wọn sì lè la ikú lọ. Ẹni tó bá ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rọra lúwẹ̀ẹ́ lè rò pé wọn kò lè ṣe ara wọn ní jàǹbá. Ìjàpá kò ní eyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ẹnu rẹ̀ le, ó sì mú débi pé ó lè gé ìka ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ já. Ìrù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọrùn àti ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n sábà máa ń bù jẹ.

Nínú odò, èyí tí agbára rẹ̀ kò tó yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nínú táǹkì, gíláàsì ló yí i ká, kò sì síbi tó lè sá sí tí ọ̀tá rẹ̀ kò ní tètè bá a. Àwọn àgbà sọ pé àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ọ̀rọ̀ náà bá ìjàpá mu gan-an.

Irú ìjàpá wo ló wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Bí ilà pupa bá wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, elétí pupa ni, ìyẹn èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì. Ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti àríwá Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tà á, ìkarahun rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, òǹtajà a sì máa sọ fún yín pé bó ṣe máa wà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ó sì lè lò ju 20 ọdún lọ láyé.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ń ká ọrùn rẹ̀ sí lábẹ́ etí ìkarahun, tí kì í fà á wọlé tààrà, ti ilẹ̀ wa ni. Irú wọn ni àwọn ọmọdé máa ń rí nínú adágún ẹ̀bá ọ̀nà nígbà òjò, wọ́n a sì wọnú ẹrẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ, tí imú rẹ̀ gùn ṣóńṣó. Ọ̀dájú ni èyí nínú omi, kì í sì í fẹ́ rí ẹlòmíràn nítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹ̀dá mìíràn sọ́dọ̀ rẹ̀ rárá.

Ṣé ìjàpá kan ṣoṣo kò ní máa ṣàárò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?

Kò ní ṣàárò. Èrò yìí ló fa ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ọgbẹ́ tí mo ti fojú ara mi rí, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Inú àlọ́ la ti kọ́kọ́ mọ ìjàpá. Níbẹ̀, ó ní ìyàwó tó ń jẹ́ Yánníbo, ó ní àna, ó sì ní ọ̀rẹ́ tó máa ń rẹ́ jẹ. Èyí tó wà nínú táǹkì kò ní ọ̀kan nínú wọn. Abo a gbẹ́ ilẹ̀, a yé ẹyin sí i, a bò ó, a sì kúrò níbẹ̀ láìpadà wá wò ó mọ́. Ọmọ tó bá pa kò mọ ìyá, kò sì mọ ọmọ ìyá. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀pọ̀ wọn kó jọ sórí igi kan lójú omi, oòrùn ló kó wọn jọ, nítorí ibi tó dára láti yáàrùn kò pọ̀.

Ẹni tó bá ní ìjàpá kan, tó ń fún un ní omi tó mọ́, oòrùn àti oúnjẹ tó yẹ, kò fi ohunkóhun dù ú. Èkejì tí ẹ bá rà "kí ó lè ní ẹnìkejì" yóò di ẹni tí ó ń bá a du oúnjẹ àti àyè.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ìjà ni, kì í ṣe eré?

Ẹ gbà pé ìjà ni títí tí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbunijẹ àti ìlépa ni ìparí rẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣáájú kò ní ariwo: ọ̀kan a ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà sí èkejì láìbù ú jẹ; ọ̀kan a dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi ìyáàrùn kí èkejì má baà gòkè; ọ̀kan a máa fi ìkarahun ti èkejì sí igun táǹkì.

Èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ ni kí ẹ máa wò ju èyí tó ń fìyà jẹ ẹ́ lọ. Ó lè máa wà lórí òkè gbígbẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ó má fẹ́ wọ omi. Òmíràn a fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, a sì máa yọrí mí kíá kí ó tún rì padà. Bí ẹ bá sọ oúnjẹ sínú omi, á dúró kí èkejì jẹ tán kó tó sún mọ́ ọn. Ẹ máa wọn ìkarahun àwọn méjèèjì lóṣooṣù. Bí ọ̀kan bá ń dàgbà tí èkejì dúró sójú kan, tí ọjọ́ orí wọn sì dọ́gba tí wọ́n sì jẹ́ akọ tàbí abo kan náà, ìyà ti ń jẹ ọ̀kan tipẹ́, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì rí ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó kéré ń fi èékánná gbọ̀n rìrìrì níwájú ojú èyí tó tóbi. Kí ló ń ṣe?

Bí ó bá jẹ́ elétí pupa, akọ tó ń bá abo sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Akọ kéré sí abo, ìrù rẹ̀ gùn ó sì nípọn, èékánná ọwọ́ iwájú rẹ̀ sì gùn ju ti abo lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Á lọ dojú kọ abo, á na ọwọ́ méjèèjì, á wá máa gbọ̀n wọ́n lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n abo tí kò bá fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tó lè lọ. Nínú táǹkì tó há, akọ kì í sinmi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀. Àwọn tí kò tíì dàgbà tó gùn náà máa ń ṣe é, akọ a sì máa ṣe é sí akọ. Èyí tó bá wáyé láàárín akọ méjì, ẹ kà á sí ìpèníjà, kí ẹ sì yà wọ́n.

Wọ́n máa ń gun ara wọn lórí nígbà tí wọ́n bá ń yáàrùn. Ṣé ìfẹ́ ni?

Kì í ṣe ìfẹ́. Àyè ni kò tó. Èyí tó wà lókè ló ń gba oòrùn, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò rí i gbà. Ìtànṣán oòrùn ni ara wọn fi ń ṣe fítámì D, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ìkarahun le, nítorí náà èyí tó bá ń wà nísàlẹ̀ lójoojúmọ́ ń pàdánù ohun tí oúnjẹ nìkan kò lè dá padà fún un. Ẹ ṣe ibi ìyáàrùn méjì, kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí à ń wí yìí kọjá; oòrùn gidi ni kí ẹ gbé wọn sí, kí òjìji tí wọ́n lè sá sí sì wà níbẹ̀, nítorí oòrùn ọ̀sán oṣù kẹta ní Àbújá lè pa ìjàpá nínú bàsíà láàárín àkókò díẹ̀.

Wọ́n ti jọ wà fún ọdún méjì láìjà. Kí ló dé tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Wọ́n ti bàlágà ni. Akọ elétí pupa máa ń bàlágà nígbà tí ìkarahun rẹ̀ bá gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá; ìgbà yẹn ni èékánná rẹ̀ ń gùn, ìgbà yẹn náà ni ìwà rẹ̀ ń yí padà. Táǹkì tó sì gba wọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n kéré ti di yàrá kan tí ènìyàn mẹ́wàá ń sùn sí. "Àtikékeré ni wọ́n ti jọ wà" kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn.

Bí ó bá jẹ́ abo ni ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn walẹ̀ níbi tí kò sí iyẹ̀pẹ̀, tí kò fẹ́ jẹun, tí ó sì ń gbé ìjà ko ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ẹyin ló fẹ́ yé. Abo lè ní ẹyin nínú láìsí akọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wá àpótí tó jìn, tí iyẹ̀pẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan. Ẹyin tí kò bá ráyè jáde lè pa á.

Báwo ni táǹkì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó?

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ń tẹ̀ lé ni nǹkan bíi líta omi 40 fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 kọ̀ọ̀kan tí ìkarahun bá gùn. Èyí túmọ̀ sí pé ìjàpá kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 nílò bíi líta 240 fún òun nìkan. Bí wọ́n bá di méjì, ẹ ṣírò ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ro ó pọ̀, kí ẹ tún fi díẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé táǹkì gíláàsì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti ṣe ni pé kí wọ́n wá táǹkì omi oníke tó ti bàjẹ́ lókè, irú èyí tí a ń gbé sórí òpó nílé, kí wọ́n bá alágbẹ̀dẹ gé e sí méjì, kí wọ́n sì fi yanrìn pa etí rẹ̀ dán. Fífẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ. Ẹ fi òkúta tàbí bíríkì dí ojú ìwòye wọn ní ibi méjì mẹ́ta, kí èyí tí wọ́n ń lé lè yà sẹ́yìn rẹ̀. Ojú oró tó léfòó náà wúlò, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀ máa ń ṣe bí aṣọ ìkélé, bí wọ́n tilẹ̀ lè ya á jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jà. Ṣé kí n máa fún wọn ní oúnjẹ púpọ̀ sí i?

Rárá o. Ẹ ya oúnjẹ wọn sọ́tọ̀. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bàsíà tirẹ̀, kí omi tó wà níbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, nítorí elétí pupa kì í lè gbé oúnjẹ mì dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ dá wọn padà. Omi táǹkì yóò tún pẹ́ kó tó dọ̀tí.

Oúnjẹ ẹja àrọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń fún wọn nítorí pé ó wà lọ́jà kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èròjà amúnidàgbà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ìjàpá tó ti dàgbà, tó yẹ kó máa jẹ ewéko ju ẹran lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún fífi ẹran gígé pupa bọ́ wọn nínú táǹkì tí wọ́n ti jọ wà: ẹnu tó ń wá ẹran nínú omi kì í yan ìka ẹsẹ̀ sọ́tọ̀.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, wọn kò jà mọ́. Ṣé ìjà ti parí?

Ìjà kò parí. Òtútù ló mú wọn. Ara ìjàpá kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, bí omi bá ṣe gbóná tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, pàápàá ní Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná, omi inú táǹkì tó wà ní gbàgede lè tutù ní òru débi pé ìjàpá kò ní lè ṣe ju kí ó dúró sójú kan lọ. Ẹni tó ń bunijẹ ní oṣù kẹwàá ti ń tòògbé. Bí ooru oṣù kẹta bá ti dé, ẹ óò rí i pé orí ibi tó fi ìjà sí ló ti máa bẹ̀rẹ̀ padà.

Ìgbà ọyẹ́ yìí ló máa ń tan ènìyàn jẹ ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Èyí tó dákẹ́ ní igun lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n ń lù mọ́, ó lè jẹ́ aláìsàn. Bí ìfófòó bá ń yọ ní imú rẹ̀, tí ó ń ya ẹnu mí, tàbí tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń léfòó, àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró ni kí ẹ fura sí. Ẹ gbé táǹkì wọlé, kí omi wà láàárín dígírì 24 sí 28. Bí iná ọba bá lọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yí ara táǹkì ká títí tí iná yóò fi dé.

Ṣé omi tó dọ̀tí lè fa ìjà?

Ó ń dá kún un. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi á dúró, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn á kó jọ, omi á sì máa ta wọ́n lójú. Ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà, kí ẹ má dúró de iná. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọgbẹ́ kékeré tí ìbá jinná nínú omi tó mọ́ yóò kẹ̀ nínú omi bẹ́ẹ̀.

Akọ mélòó àti abo mélòó ló lè jọ gbé?

Akọ méjì: rárá. Akọ kan pẹ̀lú abo kan: abo kò ní sinmi. Abo méjì tí wọ́n dọ́gba ní ìwọ̀n nínú àyè tó fẹ̀ ló ń dára jù nínú gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ mo ti rí abo méjì tí wọ́n gé ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọmọ titun sọ́dọ̀ àgbà.

Ṣé mo lè fi ti ilẹ̀ wa àti elétí pupa pọ̀, tàbí kí n fi ìjàpá orí ilẹ̀ kún wọn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn tí kò ti ibì kan náà wá ń gbé kòkòrò àìsàn tí ara ọmọnìkejì wọn kò mọ bí a ṣe ń gbógun tì. Ti ilẹ̀ wa a tún máa jẹ ẹran ju elétí pupa lọ, ó sì máa ń kọjú ìjà sí ohun tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìjàpá orí ilẹ̀, irú èyí tó ń tóbi gan-an tí a ń rí ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì, yóò rì bí omi bá jìn. Ìjà tirẹ̀ pàápàá yàtọ̀: akọ méjì a máa fi iwájú ìkarahun kan ara wọn gbà-gbà bí àgbò, èyí tó bá lágbára á sì dojú èkejì délẹ̀. Èyí tó bá dojú délẹ̀ nínú oòrùn tí kò rí ẹni yí i padà lè kú kí ọ̀sán tó pọ́n tán.

Ọ̀kan bu èkejì jẹ, kò sì fẹ́ tu ú sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fà wọ́n ya, awọ ló máa bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà nínú omi. Èyí tó bunijẹ máa ń la ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ní ẹ̀gbẹ́ ìkarahun, nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹnu rẹ̀ má baà dé ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe fi ìrù gbé ìjàpá láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ má sì fọ bàsíà wọn níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò Salmonella, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fòfin de títa ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní 1975.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú ọgbẹ́ náà?

Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà nílé oògùn ṣan ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì fi povidone-iodine, ìyẹn oògùn apakòkòrò ojú ọgbẹ́, tí ẹ ti fi omi là títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bíi tíì tí kò le tọ́ ọ. Ẹ gbé e sínú bàsíà gbígbẹ tó móoru, tí aṣọ tó mọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa dá a padà sínú omi tó mọ́ fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ kí ó lè mu kí ó sì jẹ. Inú ilé ni kí ó wà, nítorí bí eṣinṣin bá yé sí ojú ọgbẹ́ náà, ìdin ni yóò tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ìjàpá ní abẹ́rẹ́ ivermectin. Òun ni a ń lò fún màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn káàkiri Òkè Ọya, ó sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ìjàpá, ó lè rọ ọ́ lápá lẹ́sẹ̀ kí ó sì pa á.

Ní Kubwa, wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi tí ìrù rẹ̀ kò ju ìdajì lọ mọ́. Nígbà tí mo yí i padà, egungun funfun kan tí kò ju orí ìṣáná lọ ló yọ jáde láàárín ẹran tó ti ń dúdú, omi tó ń jáde níbẹ̀ sì ń rùn. Olówó rẹ̀ sọ pé ọjọ́ mẹ́rin lòun ti ń wò ó bóyá yóò jinná. Irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Bí egungun bá hàn, bí ìkarahun bá là, bí ojú bá wú, dókítà ẹranko ni kí ẹ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Àbújá, èyí tí ìjọba kéde ní 2024 pé yóò máa jẹ́ Yunifásítì Yakubu Gowon, àti ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ẹ má fi gíláàsì olómi tàbí gọ́ọ̀mù lẹ ìkarahun tó là: egungun tó wà láàyè ni, ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, ó sì ń dun ún.

Nǹkan dúdú kan jáde nídìí akọ, èkejì sì ń sáré bù ú jẹ. Kí ni?

Nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ni. Ó máa ń yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á sì fà á padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé èkejì á rò pé oúnjẹ ni. Ẹ tètè gbé akọ náà sínú bàsíà omi tó mọ́ ní òun nìkan. Bí wákàtí kan bá kọjá tí kò tíì wọlé, tàbí tí ó wú, tàbí tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú omi kí ó má baà gbẹ, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti fi nǹkan pín táǹkì náà sí méjì. Ṣé ó ti tó?

Ó tó bí ohun tí ẹ fi pín in kò bá jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì, èyí tó ń fìyà jẹni yóò máa fi orí kàn án látàárọ̀, èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ yóò sì máa wo ọ̀tá rẹ̀ lójú. Ẹ lo pákó ike tí ojú kò lè là kọjá, kí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa lọ, kí ó sì ga kọjá ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní lè gùn ún. Wọ́n mọ igi gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi ìyáàrùn tirẹ̀.

Ọgbẹ́ ti jinná. Ṣé mo lè dá wọn padà pọ̀?

Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò dandan, kí ó tú gbogbo ohun tó wà nínú táǹkì, kí ó tò ó lọ́nà mìíràn kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ́ àlejò níbẹ̀, kí ó sì kó wọn sí i pọ̀ ní ọ̀sán nígbà tó ráyè jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Bí ìlépa kan bá ti wáyé, kí ó yà wọ́n, kí ó má sì dán an wò mọ́.

Ìjàpá titun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ pàdé kí ó tó lo oṣù méjì sí mẹ́ta ní ibi tirẹ̀, kí àìsàn tó bá gbé wá lè kọ́kọ́ hàn.

N kò lè tọ́jú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ṣé kí n ju ọ̀kan sí adágún Jabi?

Rárá. Elétí pupa wà lára àwọn ẹ̀dá 100 tí wọ́n kà sí àjèjì tó ń ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ jù lágbàáyé, ilẹ̀ Yúróòpù sì fòfin de kíkó o wọlé ní 1997. Bí ó bá wọ adágún Jabi, omi ìdídò Usuma tàbí odò Gurara, yóò máa du oúnjẹ àti ibi ìyáàrùn mọ́ ti ilẹ̀ wa lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ti ilẹ̀ wa ni, tó sì ti bá elétí pupa gbé rí, àìsàn tí ó kó lára rẹ̀ ni yóò gbé lọ fún àwọn tó kù nínú odò.

Ẹ wá ẹni tó ní adágún tó ní ọgbà ní àyíká ilé rẹ̀, tàbí kí ẹ bi dókítà ẹranko yín bóyá ó mọ ẹni tó ń wá ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ bá ń fà á lé ẹni náà lọ́wọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un: bí ìkarahun rẹ̀ ṣe gùn tó, ọdún tó ti lò lọ́dọ̀ yín, ohun tó ń jẹ, àti pé ó ti bu ẹlòmíràn jẹ rí, nítorí náà kí ó má ṣe fi í pẹ̀lú ìjàpá mìíràn.